Ètò ìrìnnà dé àdúgbò yín: bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, láti orí fèrè ọkọ̀ ojú irin dé orí ewu títì

Bí ìjọba bá gbé ètò ìrìnnà jáde l'Ékòó, àwòrán aláràbarà ló máa ń kọ́kọ́ tẹ aráàlú lọ́wọ́: ọkọ̀ ojú irin tó ń dán, òdòdó lẹ́bàá títì, ènìyàn méjì tó ń rìn gbẹ̀dẹ́gbẹ̀dẹ́ láìsí dánfó kankan nítòsí. Ẹ má bá àwòrán yẹn jà, ẹ má sì jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Òmíràn wà tí ẹnjiníà yà, tí kò lẹ́wà rárá, tó kún fún ìlà àti nọ́ńbà. Inú ìyẹn lẹ ti máa rí i bóyá ibi tí ọmọ yín ń gbà sọdá ojú irin lọ sí ilé ìwé ti di ògiri.

Ẹgbẹ́ onílé, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin láti Agbádó dé Oyíngbò, tàbí létí títì ńlá kan ní Mainland, la kọ èyí fún. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi kinní kan sọ́kàn: ariwo fèrè àti ewu ojú irin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Awakọ̀ ojú irin kì í fọn fèrè ṣeré. Títì kan ló wà níwájú rẹ̀, tàbí ènìyàn ló wà lórí irin. Àdúgbò tó bá kọ lẹ́tà ariwo lọ́tọ̀, tó tún kọ ti ewu lọ́tọ̀, ìdáhùn méjì tí kò wúlò ló máa gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìwé tí ẹ ń béèrè

Ìwé tí wọ́n ń pè ní ètò ìrìnnà kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni.

Èkíní ni ètò àgbà. Ọwọ́ LAMATA, ilé iṣẹ́ tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2002 láti máa bójú tó ìrìnnà, ni tiwa wà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìlú máa ní ọ̀nà ojú irin 6, mónórélì (ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo) 1, ọ̀nà BRT (ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì) 14, àti ọ̀nà orí omi tó lé ní 20. Ètò àgbà ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ kà á kí ẹ lè mọ ohun tó ń bọ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èkejì ni ìwé àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àyíká, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní EIA. Òfin rẹ̀ ti wà láti 1992, kíkọ́ ojú irin tuntun sì wà lára iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìní i. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á. Ẹ wò ó ní káńsù yín àti ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká. Ìkéde rẹ̀ máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, nítorí náà ẹ yan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ 21 yẹn lọ̀rọ̀ yín wúwo jù. Bó bá ti kọjá, ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán iṣẹ́ gan-an, èyí tí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ máa tẹ̀ lé. Wọn kì í gbé èyí kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; ẹ̀yin lẹ máa béèrè rẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin yẹn, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Ohun tó ń ba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ó máa ń fẹ̀ jù. Bí ẹ bá kọ "ẹ fún wa ní gbogbo ìwé iṣẹ́ ojú irin," wọ́n á ní ó pọ̀ jù, tàbí kí wọ́n fún yín ní àwòrán olódòdó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"A ń béèrè fún àwòrán iṣẹ́ láti kìlómítà 9+000 dé 11+000, àwòrán gbogbo ibi tí ọkọ̀ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ ti máa sọdá láàárín ibẹ̀, àti ìwé ìwọ̀n ariwo tó bá a rìn."

Ẹ tún mọ ẹni tó ni kinní ọ̀hún. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ NRC, ilé iṣẹ́ ojú irin Nàìjíríà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èbúté Mẹ́tta. Red Line, ọkọ̀ ojú irin Agbádó sí Oyíngbò, jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀ láti Agbádó. Blue Line láti Marina dé Mile 2 wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ pátápátá. Títì náà pín sí ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti káńsù. Lẹ́tà tó bá lọ sí ọ́fíìsì tí kò ni ín á sùn síbẹ̀ ni. Bí ó bá kan ojú irin, NRC àti LAMATA ni kí ẹ jọ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí lẹ́tà kan náà, kí ẹnì kan má baà ju ẹjọ́ lu èkejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ara yín rí lórí àwòrán

Nọ́ńbà bíi 10+350 túmọ̀ sí kìlómítà 10 àti mítà 350 láti ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ohun kan tí ẹ mọ̀ dájú, mọ́sálásí, ilé epo, afárá, kí ẹ ka mítà láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín.

Lẹ́yìn náà ni rúlà. Bí wọ́n bá kọ 1:1000 sí i, sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé jẹ́ mítà 10 lórí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ 1:2500, mítà 25 ni. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ìwé ńlá A3 ni wọ́n sábà máa ń yà á sí. Ẹni tó bá lọ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ sí A4 ti sún un kì dé nǹkan bí ìdá 71 nínú 100, ṣùgbọ́n "1:1000" ṣì wà níbẹ̀ gedegbe. Ilé tó jìnnà sí ìlà ààlà ní mítà 30 á wá dà bíi pé mítà 21 ni. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe máa ń pariwo pé wọ́n fẹ́ wó ilé àwọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ló wó o. Kí ẹ tó lo rúlà, ẹ wá ìlà kékeré tí wọ́n pín sí mítà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ìyẹn ń kéré pẹ̀lú àwòrán, kì í purọ́.

Ẹ mú báírò aláwọ̀ mẹ́ta. Pẹ̀lú pupa, ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń sọdá lónìí, yálà òfin fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i. Pẹ̀lú búlúù, ẹ sàmì sí ibi tí ètò tuntun ní kí wọ́n máa gbà. Dúdú wà fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà, ilé ìjọsìn. Kí ẹ wá wọn bí pupa kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí búlúù tó sún mọ́ ọn jù. Mítà 200 ni a fi ń ṣe ààlà. Ẹni tó bá máa rin mítà 200 lọ kó tún rin 200 padà ní òdìkejì, ó ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀ kún ìrìn rẹ̀ láìgbé ẹrù. Kò ní ṣe é. Ó máa lu ògiri.

Ẹ ti rí irú ihò bẹ́ẹ̀ rí. Etí rẹ̀ ń dán nítorí aṣọ àti ẹrù tó ń ha á lójoojúmọ́, àpò símẹ́ǹtì tí wọ́n rọ yanrìn sí ni àtẹ̀gùn rẹ̀, ìyá oníbísíkíìtì kan sì ti tẹ́ ìgbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Níbi tí ihò bá ti rí báyìí, ibi ìsọdá ni, kò sí ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé tó lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ojú irin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń fọn fèrè síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ dúró níbẹ̀, kí ẹ kà

Àwọn tó ń ka ọkọ̀ fún ìjọba sábà máa ń dúró sí oríta. Wọn kì í dúró sẹ́nu ihò. Nítorí náà, ìwé máa sọ pé ènìyàn díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀, kò sì ní purọ́ bí ẹ bá wo ibi tó dúró sí.

Ẹni méjì tó. Ọ̀kan ń ka ènìyàn, èkejì ń ka ọkọ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ máa kà lẹ́ẹ̀kan, láti agogo 6:30 sí 8:30 àárọ̀, 1:00 sí 2:30 ọ̀sán nígbà tí ilé ìwé bá jáde, àti 4:30 sí 7:30 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fa ìlà mẹ́rin kí ẹ fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ẹ ya àwọn ọmọ ilé ìwé sọ́tọ̀, ẹ ya àwọn tó ru ẹrù sọ́tọ̀, torí pé àwọn yẹn ni kì í lè sáré. Tuesday, Wednesday tàbí Thursday ló dára, kí ẹ fi ọjọ́ ọjà kan kún un. Òǹkà tí ẹ bá ṣe nígbà ìsinmi ilé ìwé, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ má ṣe dúró lórí irin láti kà, ẹ má sì gba inú rẹ̀ kọjá láti lọ wọn nǹkan. Ní ti Blue Line, ẹ má tilẹ̀ wọ inú ọgbà rẹ̀ rárá: iná 750 fóltì ń gba inú irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kò sì ní ohùn tó máa kìlọ̀ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí títì ti pàdé ojú irin

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ níbi tí títì ti sọdá ojú irin ní PWD, Ṣógunlẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ibi ìsọdá wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń bọ̀. Ohun méjì yẹn ti tó láti pa ènìyàn bí kò bá sí ìkẹta tó dá wọn dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń sáré tó. Ẹ wá òpó méjì lẹ́bàá títì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, kí ẹ fi téèpù wọn mítà 100 láàárín wọn. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tí imú ọkọ̀ fi kúrò ní òpó kìíní dé èkejì. Ẹ fi iye yẹn pín 360, ẹ ti rí kìlómítà rẹ̀ ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú àáyá 6 jẹ́ kìlómítà 60. Mẹ́rin àbọ̀ jẹ́ 80.

Nísinsìnyí, ẹ wo ọkọ̀ tó fẹ́ sọdá. Dánfó tó dúró sí mítà 5 ṣáájú irin àkọ́kọ́, tó fẹ́ kọjá ojú irin méjì kí ìdí rẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí irin ìkẹyìn, ní láti rin nǹkan bíi mítà 19. Bí ẹ bá ka àsìkò tí awakọ̀ fi wo ọ̀tún wo òsì mọ́ ọn, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni. Tírélà tó gùn ní mítà 16 á gba 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sá kìlómítà 80 ń gba mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, awakọ̀ dánfó gbọ́dọ̀ lè rí i láti nǹkan bíi mítà 180, oní tírélà láti nǹkan bíi 290. Ẹ dúró síbi tí awakọ̀ máa dúró sí, kí ẹ wo ọ̀tún àti òsì. Kí ló dí ojú? Kíóòsì, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, koríko, pátákó ìpolówó. Ọkọ̀ ojú irin kò lè ṣe bíi dánfó kó tẹ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà ló máa rìn kó tó dúró.

Àmọ́ kì í ṣe àìríran ló máa ń há ọkọ̀ mọ́ orí irin l'Ékòó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Awakọ̀ rọra tẹ̀ lé ti iwájú, ti iwájú dúró, ti ẹ̀yìn sún mọ́ ọn, ó ti há. Ẹ wọn bí oríta tó kàn ṣe jìnnà sí irin ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ mítà 20, dánfó mẹ́ta ti kún un, ìkẹrin wà lórí irin. Bí ètò bá fẹ́ fi iná ojú títì sí oríta yẹn, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé iná náà máa bá géètì ojú irin sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ó máa kọ́kọ́ tú àwọn tó wà lórí irin sílẹ̀? Bí wọn ò bá lè fi hàn yín lórí àwòrán, kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ètò máa ń gbà yanjú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ.

Afárá ọkọ̀ ló dára jù fún ọkọ̀. Red Line, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì 2024, kọ́ irú rẹ̀ sí Oyíngbò, Yábà, Múṣin àti Ìkẹjà kí títì má baà gba orí irin mọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn máa kọ́ ọ sí tiyín, ẹ má yọ̀ tán kí ẹ tó wá àtẹ̀gùn ẹlẹ́sẹ̀. Afárá máa ń gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì máa ń jìnnà sí ojú irin gan-an. Ẹni tó fẹ́ ra ata ní òdìkejì kò ní bá mótò gun un. Bí kò bá sí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin gan-an, ihò ara ògiri ṣì wà, fèrè ṣì wà. Kò tán síbẹ̀: ta ló máa tan iná sábẹ́ afárá, ta ló sì máa lé àwọn tó máa fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe gáréèjì?

Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀: ẹ béèrè ibi tí omi máa gbà jáde ní oṣù Kẹfà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹ̀rọ fífa omi, ẹ béèrè ẹ̀rọ iná tó máa gbé e àti ọ́fíìsì tó máa ra epo dísẹ́ẹ̀lì.

Géètì: ọ̀pá ìdènà tó dára máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, nítorí ìwúwo rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀; èyí tó jẹ́ pé iná ló ń gbé e wálẹ̀, ewu ni. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló máa ṣọ́ ọ, iye wọn ńkọ́, àsìkò wo ni wọ́n ń pààrọ̀, ta ló ń tẹ̀ wọ́n láago pé ọkọ̀ ti kúrò ní ibùdókọ̀? Ọ̀pá kan tó dí ìdajì títì nìkan, ọ̀kadà àti Márúwá á yí i po.

Ìkẹrin ni kí wọ́n tì í pa. Ó rọrùn, kò wọ́n, òun ni àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn. Òǹkà yín ti ìgbésẹ̀ kẹta ni ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ariwo

Ìlànà 2009 ti NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, sọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn ariwo) tó yẹ: ilé gbígbé, 50 ní ọ̀sán àti 35 ní òru, ibi tí ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù ti pa pọ̀, 55 àti 45, ilé ìwòsàn, 45 àti 35. Agogo 6 àárọ̀ sí 10 alẹ́ ni ọ̀sán. Ẹ wo inú EIA, ẹ ó rí i pé wọ́n ti pín àdúgbò yín sí ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá kọ "ilé iṣẹ́" sí i torí pé mẹkáníìkì méjì wà ní ẹnu títì, 70 ni wọ́n máa gbà láyè lọ́sàn-án. Ẹ tako ìpín yẹn ná, kí ẹ tó jà lórí nọ́ńbà mìíràn.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kì í ṣe owó tí ènìyàn ń ka ní oókan-oókan. Bó bá fi 3 lé, agbára ariwo ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 lé, etí á gbọ́ ọ bíi ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá sọ pé "láti 60 sí 70 péré ni" kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ibi tí wọ́n máa ń fi nǹkan pamọ́ sí ni ìpíndọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Fèrè kan dún fún ìṣẹ́jú àáyá 20 lójú fèrèsé yín, ó dé 90. Bí wọ́n bá pín in sórí wákàtí kan, ó di 67. Bí wọ́n bá pín in sórí wákàtí 16 tí í ṣe ọ̀sán, ó di 55. Márùndínlọ́gọ́ta! Ó wọ òfin fún ibi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé wà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti jí, ìyá arúgbó ti fò sókè. Ìṣirò náà kò burú, ohun tí wọ́n fi í dáhùn ni kò bá a mu. Ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta: ìpíndọ́gba ọ̀sán, ìpíndọ́gba òru, àti ibi tó ga jù tí ariwo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, pẹ̀lú iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lóru.

Láti wọ̀n ọ́n fúnra yín: ẹ lo áàpù ìwọ̀n ariwo lórí fóònù. Ti NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, dára, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n iPhone nìkan ló wà fún. Ẹ gbé fóònù sókè tó mítà kan àbọ̀, kó jìnnà sí ògiri ní mítà 3, torí pé ògiri máa ń da ariwo padà kó sì fi kún un. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa. Kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ sí ẹnu fóònù. Ẹ kọ agogo sílẹ̀, irú ọkọ̀ tó kọjá, ibi tó ń lọ, nọ́ńbà tó ga jù, àti ìṣẹ́jú àáyá tí fèrè fi dún. Ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí Sunday kan wà nínú rẹ̀. Fóònù lè ṣì í ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bíi 5 sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi búra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gidi wá. LASEPA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí àyíká, ni kí ẹ bẹ̀.

Wọ́n á sọ pé àdúgbò yín ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, jẹnẹrétọ̀ nìkan ti kọjá 35 lóru. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọn ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ọkọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi kan náà.

Ọ̀rọ̀ ògiri ariwo: kìkì bí ògiri bá dí ojú láàárín etí yín àti fèrè ló ń ṣiṣẹ́. Orí ọkọ̀ ni fèrè wà, ní nǹkan bíi mítà 4 sókè. Ògiri mítà 2 kò ní ṣe ohunkóhun fún ẹni tó ń gbé òkè kejì. Ìjìnnà náà ń ràn wá lọ́wọ́: bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ariwo fèrè á fi nǹkan bíi 6 dín kù. Èyí tó jẹ́ 90 ní mítà 30 á jẹ́ 84 ní 60, á jẹ́ 78 ní 120. Nítorí náà, ilé kejì láti ojú irin ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí fèrè wà láàárín dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 96 àti 110 ní nǹkan bíi mítà 30, kó bẹ̀rẹ̀ sí dún ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kí ọkọ̀ tó dé ibi ìsọdá. Ìlú tó bá fẹ́ kó dákẹ́ lè bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ibi ìsọdá náà kò léwu: géètì tí kò ṣeé yí po, ìdènà láàárín títì, tàbí kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe kọ ẹ̀bẹ̀ tiyín. Ẹ má kọ pé "kí wọ́n má fọn fèrè mọ́." Awakọ̀ tí kò fọn fèrè síbi tí ènìyàn wà lórí irin á pa ènìyàn. Ẹ kọ pé: "Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn ẹlẹ́sẹ̀ sí kìlómítà báyìí, ẹ dí ihò mẹ́ta wọ̀nyí lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́ ọ tán, kí NRC sì tún ìlànà fèrè yẹ̀ wò láàárín agogo 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀."

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. Bí wọ́n bá dí ihò kí wọ́n tó kọ́ àtẹ̀gùn, òmíràn á ti ṣí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: títì

Nọ́ńbà kan ló wà nínú àwòrán títì tó ju gbogbo ìyókù lọ: eré tí wọ́n fi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ya títì náà. Bí wọ́n bá yà á fún kìlómítà 80, tí wọ́n wá gbé pátákó 50 sí i, 80 ni dánfó máa sá. Òfin ìrìnnà wa gba 50 láàárín ìlú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó jẹ́ 30 níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ ti ń lo ojú kan náà, ó sì fi hàn pé bí eré bá fi ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pa ènìyàn á fi bíi ìdá 4 pọ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 50 á rin nǹkan bíi mítà 28 kó tó dúró lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí bíréèkì rẹ̀ bá dára. Tó ń sá 80, mítà 58. Ẹ ti wo táyà dánfó rí. Ẹ fi díẹ̀ kún un.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀. Bó bá ga ní mítà 5 àbọ̀, tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, àtẹ̀gùn 37 ni ènìyàn máa gùn, kó tún sọ̀ 37. Aboyún ńkọ́? Ẹni tó ru páànù ẹja ńkọ́? Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ńkọ́? Níbi tí títì kò bá fẹ̀ ju ọ̀nà mẹ́rin lọ, ibi ìsọdá lórí ilẹ̀ pẹ̀lú iná àti bọ́ǹpù dára ju afárá lọ, ó sì dín owó kù. Ọ̀nà mẹ́rin fẹ̀ tó mítà 14. Ẹni tí ara rẹ̀ le á sọdá ní ìṣẹ́jú àáyá 12, àgbàlagbà á gba 17 tàbí 18. Bí wọ́n bá kọ 10 sí iná ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ń sọ fún ìyá àgbà pé kó sáré.

Bọ́ǹpù tó dára kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀ sí 10 lọ, ó sì máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 3 àbọ̀, kó lè gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí onílé fi símẹ́ǹtì mọ lóru, tó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá, tí kò ní ọ̀dà funfun, ló ń já abẹ́ ọkọ̀, tó sì ń ju ọlọ́kadà. Ẹ jẹ́ kí ètò kọ tiwọn sí i, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ọ̀dà.

Ẹ tún wo gọ́tà: ṣé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́tọ̀, tàbí orí ìdérí gọ́tà ni wọ́n ń kà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀? Bí ìdérí mẹ́ta bá já, kò sí ọ̀nà mọ́, ojú títì ni ènìyàn máa gbà. Ẹ má gbàgbé ìgbà iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ béèrè àwòrán ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà nígbà tí wọ́n bá di títì, kí tírélà má baà dé ẹnu ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀

Ojú ewé kan fún ibi kan. Ohun márùn-ún ni kó wà nínú rẹ̀: ibẹ̀ lórí àwòrán, ohun tí ètò sọ, ohun tí ẹ kà tàbí tí ẹ wọ̀n pẹ̀lú ọjọ́ àti agogo, ewu tó wà níbẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ gan-an. Lẹ́tà tó ní "ìyà ń jẹ wá" nínú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tó ní "10+350" nínú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí àwòrán kó tó lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní ìwé tirẹ̀; ẹ má pò ó mọ́ èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní owó lẹ ń wá.

Ẹ̀dà mẹ́rin: NRC tàbí ẹni tó ni títì, LAMATA, káńsù, àti tiyín. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Bí akọ̀wé bá ní òǹtẹ̀ kò sí nílé, ẹ dúró dè é.

Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé, wọ́n á gbé ìwé orúkọ káàkiri. Ẹ ka orí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn máa ń wà ní ẹ̀yìn EIA gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé wọ́n ti bá àdúgbò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i nítorí míítì-páì. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín pé: "Mo wá sí ìpàdé; ọ̀rọ̀ wa wà nínú lẹ́tà ọjọ́ báyìí." Ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ipò ẹni tó sọ ọ́, àti ọjọ́ tó dá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì pé ohun tí ẹ gbọ́ nìyí, bó bá ní àtúnṣe kí wọ́n sọ.

Ibi tí ẹ gbé fóònù sí láti wọn ariwo, ẹ fi ọ̀dà kun àmì kékeré sí ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa padà sí nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ní agogo kan náà, láti tún un wọ̀n.